Bí Kámẹ́rà àti Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Eku Nínú Yàrá Ìwádìí

Ẹ gbé eku funfun kan sínú àpótí onígun mẹ́rin tí kò ní ìdérí, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àárín àpótí jẹ́ ibi ẹ̀rù fún un. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ díẹ̀, yóò yọjú sí àárín, yóò sì tún sáré padà. Iye ìgbà tó yọjú, bó ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó, àti gbogbo ọ̀nà tó rìn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni olùwádìí fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rù ń bà á, bóyá oògùn tí wọ́n fún un mú ara rẹ̀ yá tàbí ó sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Calvin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú àyẹ̀wò yìí kalẹ̀ ní 1934. Open field ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é títí dòní.

Ní Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Eku Wistar, eku funfun olójú pupa yẹn, ni wọ́n ń lò jù. Ìbáà jẹ́ orógbó ni wọ́n fẹ́ dán wò, ìbáà jẹ́ ewúro, ìbáà jẹ́ kẹ́míkà tó ń ba ọpọlọ jẹ́, ìbéèrè náà kì í pẹ́ dé inú àpótí, tàbí inú agbada omi tí Richard Morris ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ ní Scotland, tó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1981, tàbí orí pátákó alápá mẹ́rin tí wọ́n gbé ga sókè, tí wọ́n ń pè ní plus maze.

Ojú ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fa ìlà sílẹ̀ àpótí, akẹ́kọ̀ọ́ kan á jókòó ti stopwatch, á máa ka iye ìlà tí eku kọjá. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Àmọ́ ojú máa ń rẹ̀. Ẹni tó ka ti eku àkọ́kọ́ láàárọ̀ kọ́ ló ń ka ti ogójì nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan náà. Ẹni tó bá sì mọ èyí tó mu oògùn nínú àwọn eku náà, ọkàn rẹ̀ á máa ràn án lọ́wọ́ láti rí ohun tó ń retí. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń wá sọ́fítíwíà tó lè wo fídíò kó sì máa tọ ipasẹ̀ eku fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fi dátà yín wa sọ́fítíwíà kankan wálẹ̀ ni pé apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ káfíńtà, lọ́wọ́ ẹni tó ń so gílóòbù, àti lórí irin tí ẹ máa so kámẹ́rà mọ́. Bí ìwọ̀nyí bá dára, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ á ṣiṣẹ́ náà. Bí wọn ò bá dára, èyí tó wọ́n jù lọ láyé kò lè gbà yín.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń rí

Fídíò kì í ṣe nǹkan kan ju fọ́tò lọ, àwọn fọ́tò tó tò tẹ̀lé ara wọn, 25 tàbí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkójọ àwọn àmì tíntìntín tí à ń pè ní píksẹ́lì. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó: 0 ni dúdú kirikiri, 255 ni funfun báláú. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí nìkan ni kọ̀ǹpútà ní lọ́wọ́. Kò mọ eku, kò mọ ìrù, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù.

Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ń dá rọrùn. Yóò kọ́kọ́ tọ́jú fọ́tò àpótí náà nígbà tó ṣófo. Bí ìyálé tó mọ bóun ṣe to ìkòkò sílẹ̀ kóun tó jáde, tó jẹ́ pé èyí tó kúrò láàyè rẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ á bá tó bá wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe máa mú fọ́tò tuntun kọ̀ọ̀kan, á yọ ti àpótí òfìfo kúrò nínú rẹ̀, á sì wo ohun tó ṣẹ́kù. Níbi tí ìyàtọ̀ bá kéré, á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Níbi tí ìyàtọ̀ bá kọjá ààlà kan tí ẹ̀yin fúnra yín là sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ Threshold sí lójú kọ̀ǹpútà, á ní ohun kan wà níbẹ̀. Á kó àwọn píksẹ́lì tó fara kanra níbẹ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan, á ju àwọn ẹyọ kéékèèké nù, á wá àárín gbùngbùn èyí tó tóbi jù, á sì kọ ọ́ sílẹ̀: ní àkókò báyìí, ibí ni eku wà. Bí ẹ bá ya fọ́tò 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú àmì 7,500 ló máa kọ. Ìṣirò lásán ló kù: so àwọn àmì náà pọ̀, ẹ ti rí ọ̀nà tó rìn, ka iye tó bọ́ sí àárín, ẹ ti rí àkókò tó lò níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọgbọ́n yìí ń fà lẹ́sẹ̀. Ohunkóhun tó bá yí padà nínú àpótí, eku ni lójú kọ̀ǹpútà. Òjìji olùwádìí tó na ọwọ́ kọjá, eku ni. Imí tí eku ya sílẹ̀, eku kékeré ni. Ìtọ̀ tó ń dán lábẹ́ gílóòbù, eku ni. Aago tí kámẹ́rà CCTV ń kọ sí igun fọ́tò, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, eku tí kì í sinmi ni. Bí kámẹ́rà bá sì mì díẹ̀, gbogbo àpótí náà á di eku.

Àpótí, ilẹ̀ rẹ̀ àti gílóòbù

Bó bá jẹ́ eku funfun lẹ máa lò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ àpótí dúdú. Káfíńtà tó bá wà nítòsí yín, ní Tanke ní Ìlọrin tàbí ibòmíràn, lè kan àpótí oníwọ̀n 100 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn àti ní fífẹ̀, pẹ̀lú ògiri tó ga tó 40, kí eku má baà fò jáde. Ọ̀dà ni ìjà ibẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán máa ń fi gílóòbù hàn bíi dígí, kámẹ́rà á sì rí eku méjì níbi tí ọ̀kan wà. Ọ̀dà tí kì í dán dára fún kámẹ́rà, àmọ́ ó máa ń fa ìtọ̀ mu, òórùn eku àná á sì máa bá eku òní sọ̀rọ̀. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni kí ẹ tẹ́ rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ sílẹ̀ àpótí, kí ẹ fi pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó ha á títí dídán rẹ̀ á fi lọ. Á ṣeé nù pẹ̀lú spirit lẹ́yìn eku kọ̀ọ̀kan, kò sì ní fi iná hàn. Ẹ dúró kí spirit gbẹ pátápátá kí èyí tó kàn tó wọlé.

Ẹ má fa ìlà funfun sílẹ̀ àpótí mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣà wa látijọ́ ni. Bí eku funfun bá gun ìlà funfun, ibi tí ìlà wà kò ní ìyàtọ̀ sí ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì gé eku sí méjì. Inú sọ́fítíwíà ni kí ẹ ti fa ìlà yín.

Ẹni tó bá fẹ́ lo òkété dípò eku Wistar, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí á yí padà. Kì í ṣe àwàdà: òkété ni Magawa, tí àjọ APOPO kọ́ ní Tanzania láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Bìrìtìkó ní 2020 fún iṣẹ́ tó ṣe ní Cambodia. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn náà ti ń wádìí ọpọlọ òkété. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú ràkọ̀ràkọ̀, nítorí náà ilẹ̀ tó mọ́ ló yẹ kó rìn lórí rẹ̀, àpótí á sì tóbi ju ti eku lọ dáadáa. Òru ló ń jáde, nítorí náà iná pupa tí ojú wa kì í rí, irú èyí tó wà lára kámẹ́rà CCTV tó ń ríran lóru, ló máa wúlò. Ẹ ṣáà rántí pa aago inú fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gílóòbù ló yẹ kí n pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìlú wa ti yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti kọ ìwé ìtọ́ni àwọn sọ́fítíwíà wọ̀nyí. Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ gílóòbù sì máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 pẹ̀lú rẹ̀. Ojú wa kì í rí i. Kámẹ́rà máa ń rí i. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí ẹ bá rà lọ́jà ló ti wà ní ìlànà Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti jẹ́ 60, tó sì ń ya fọ́tò 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 100 kò ṣeé pín sí 30 dọ́gba, nítorí náà fọ́tò kan á mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á ṣú díẹ̀, ìlà òkùnkùn á sì máa yí lọ yí bọ̀ lójú fídíò bí ìgbì omi. Lójú kọ̀ǹpútà, ìgbì yẹn ń rìn, eku sì ni. Ẹ wọ inú ètò kámẹ́rà lọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 50 Hz sí, ẹ yàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó máa ya fọ́tò 25. Ìmọ́lẹ̀ á dúró.

Ó dúró nìyẹn bí iná ìjọba bá wà. Bí wọ́n bá mú un lọ, tí ẹ sì tan jẹnẹrétọ̀, 50 yẹn kò dúró lójú kan mọ́; bí ẹni kan bá tan áyọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, yóò wálẹ̀ díẹ̀, ìgbì náà á padà dé. Ariwo jẹnẹrétọ̀ náà jẹ́ ọ̀ràn tirẹ̀, torí etí eku ń gbọ́ ohùn tó ga kọjá èyí tí etí èèyàn lè gbọ́. Ọ̀nà àbáyọ tó dára jù tí mo mọ̀ ni gílóòbù LED tó ń lo báàtìrì 12 fóòtì tààrà, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń lo sólà. Iná báàtìrì kì í lọ kì í bọ̀, nítorí náà gílóòbù náà kò ní ṣẹ́jú. Bí iná ìjọba bá wà, bí kò sí, àpótí kò ní mọ̀. Ẹ kọjú gílóòbù mẹ́rin sí ògiri funfun tàbí sí àjà, kì í ṣe sínú àpótí tààrà, kí ìmọ́lẹ̀ lè tú ká, kí òjìji má sì wà ní igun kan ju igun yòókù lọ. Igun tó bá ṣókùnkùn, ibẹ̀ ni gbogbo eku máa fẹ́ràn, ẹ̀yin á sì máa kọ̀wé pé oògùn ló fà á.

Fáànù òkè àjà náà wà níbẹ̀. Apá rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ kọjá, òjìji rẹ̀ ń yí nínú àpótí, ó sì ń mi irin tí kámẹ́rà wà lára rẹ̀. Ẹ pa á. Mo mọ bí ooru oṣù kẹta ṣe ń rí ní Ìlọrin, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà. Eku tí ooru ń mú kì í rìn, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀rù.

Kámẹ́rà

Kò pọn dandan kí kámẹ́rà wọ́n. Fóònù tó dára tó, kámẹ́rà orí kọ̀ǹpútà tó ń lo wáyà USB náà tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó wà lókè àárín àpótí gan-an, kó wo ìsàlẹ̀ gbọọrọ, kó sì jìnnà tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ àpótí, ìyẹn mítà méjì fún àpótí mítà kan. Bó bá sún mọ́lẹ̀ jù, ògiri á bo eku tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú kámẹ́rà tó ń ya ibi tó fẹ̀ gan-an lẹ lò, àwọn igun àpótí á tẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan ní igun kò sì ní dọ́gba pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà kan ní àárín.

Ẹ pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀: kó má máa wá ojú ìwò tó mọ́ kedere fúnra rẹ̀, kó má máa fi ìmọ́lẹ̀ kún tàbí dín in kù, kó má máa yí àwọ̀ padà. Bí eku funfun bá wọ àárín, kámẹ́rà tó ń ronú fún ara rẹ̀ á ní ibi yìí ti mọ́lẹ̀ jù, á mú gbogbo fọ́tò ṣókùnkùn, fọ́tò àpótí òfìfo tí ẹ tọ́jú á sì di aláìwúlò. Bó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ fi sí airplane mode. Ìpè kan ṣoṣo láti ilé ti tó láti gé fídíò kúrò láàárín.

Fóònù ní àbùkù mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Iye fọ́tò tó ń yà kì í dọ́gba: nígbà mìíràn 30, nígbà mìíràn 27, ó dá lórí bí ìmọ́lẹ̀ àti ooru ara rẹ̀ bá ṣe rí. Sọ́fítíwíà tó gbà pé 30 ni gbogbo ìgbà á ṣi àkókò kà. HandBrake, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè sọ fídíò bẹ́ẹ̀ di èyí tó dọ́gba, bí ẹ bá yan Constant Framerate. CCTV náà sábà máa ń ní àbùkù yìí.

Kí ẹ tó gbé eku sílẹ̀, ẹ ya àpótí òfìfo fún bí ogún ìṣẹ́jú àáyá. Gbogbo wàhálà tó wà níwájú á dínkù nítorí rẹ̀.

Sọ́fítíwíà wo?

Àwọn tí wọ́n ń fi owó rà ló gbajúmọ̀ jù: EthoVision ti ilé iṣẹ́ Noldus ní Netherlands, àti ANY-maze ti Stoelting ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dára, wọ́n sì rọrùn, iye tí wọ́n ń gbà ló ń lé akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́yìn. Àwọn kan á wá lọ rọra gba èyí tí wọ́n ti fọ́ títì rẹ̀. Yàtọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì tó sábà máa ń bá irú rẹ̀ wá, orúkọ sọ́fítíwíà máa wà nínú ìwé tí ẹ bá tẹ̀ jáde, ilé iṣẹ́ náà sì mọ àwọn tó ra ọjà lọ́wọ́ wọn.

Kò sí ìdí fún un rárá. ToxTrac, tí àwọn onímọ̀ ní Sweden ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows lásán, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà alágbára. ezTrack, tó jáde ní 2019 láti New York, jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Inú Python ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ kò nílò kí ẹ mọ Python kọ, ẹ óò kàn máa tẹ àpótí ìkọ̀wé kan lẹ́yìn èkejì ni. Bonsai wà fún ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tọ ipasẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí eku ṣe ń rìn. Fún ọ̀pọ̀ ẹja nínú agbada kan, irú bí ọmọ àrọ̀ tí ẹ fẹ́ wo bí oògùn apakòkòrò ṣe ń ṣe wọ́n, idtracker.ai ló máa ń gbìyànjú kó má pa orúkọ wọn pọ̀ mọ́ra bí wọ́n bá kọjá lára ara wọn.

DeepLabCut, tí Alexander Mathis, Mackenzie Mathis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2018, jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Òun kì í yọ fọ́tò kúrò nínú fọ́tò. Ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ sàmì sí imú, etí méjèèjì àti ìdí ìrù lórí bí igba fọ́tò, á kọ́ ohun tí ẹ sàmì sí, á sì wá a fúnra rẹ̀ nínú àwọn yòókù. Ó lágbára gan-an ni, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn láti dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí eku rìn àti àkókò tó lò ní àárín nìkan lẹ fẹ́ mọ̀, iṣẹ́ tó pọ̀ lẹ fẹ́ ṣe lásán. Ìgbà tí imú bá ṣe pàtàkì ni kí ẹ wá a. Nínú àyẹ̀wò ìrántí tí wọ́n ti ń fún eku ní ohun àtijọ́ kan àti tuntun kan láti yẹ̀ wò, eku tó ń gbóòórùn ohun kan àti eku tó kàn jókòó tì í jẹ́ ọ̀kan náà fún sọ́fítíwíà tó mọ àárín ara nìkan. Kọ̀ǹpútà tó ní káàdì GPU ló máa yára kọ́ ọ. Ẹni tí kò ní in lè yá ti Google lò lórí Colab, bí dátà bá wà.

Ìgbékalẹ̀

Ẹ ṣí fídíò àkọ́kọ́, ẹ gé ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn àpótí kúrò. Ẹ wá sọ fún un bí sẹ̀ǹtímítà ṣe tóbi tó: ẹ fa ìlà láti ẹ̀gbẹ́ kan àpótí dé èkejì lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kọ 100 sí i. Bí ìlà náà bá gba 900 píksẹ́lì, píksẹ́lì mẹ́sàn-án ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ ṣe é ní òró àti ní ìbú. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, kámẹ́rà ti wọ́, ẹ padà sórí irin.

Lẹ́yìn náà ni ẹ máa fa àárín. Ibí yìí ni mo ti máa ń bínú sí ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí, tí wọ́n á kọ pé eku lo àkókò báyìí ní àárín, láìsọ bí àárín náà ṣe tóbi tó. Nínú àpótí 100 sí 100, bí àárín bá jẹ́ 50 sí 50, ìdá mẹ́rin kan ilẹ̀ ni. Eku tí kò bẹ̀rù ohunkóhun, tó ń rìn bó ṣe wù ú, á lo bí ìṣẹ́jú àáyá 75 níbẹ̀ nínú 300. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 60 sí 60, ó di 108. Eku kò yí padà, ìlà yín ló yí padà. Ẹ yan ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní ti Threshold, ẹ má fi ibi tó rọrùn nínú fídíò dán an wò. Ẹ wá ibi tó le jù: ibi tí eku ti dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ibi tó ti ká ara jọ ní igun, ìgbà tó ti tọ̀ sílẹ̀. Bí ààlà bá kéré jù, òjìji á wọlé. Bó bá ga jù, eku á já sí wẹ́wẹ́. Ẹ ju ìrù nù bí ẹ bá lè ṣe é, torí ìrù tó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún máa ń fa àárín gbùngbùn kiri nígbà tí eku fúnra rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Àwọn sọ́fítíwíà kan lè fúnra wọn ṣe fọ́tò àpótí òfìfo láti inú fídíò, bí ẹ kò bá yà á. Wọ́n á wo píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò, wọ́n á mú iye tó wà láàárín. Eku tó ń rìn kiri á pòórá. Àmọ́ eku tó gbé oògùn oorun mì, tó jókòó sí igun kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú márùn-ún, kọ̀ǹpútà á gbà pé ara àpótí ni. Nígbà tó bá dìde kúrò níbẹ̀, ihò tó fi sílẹ̀ á di eku. Àwọn eku tó mu oògùn gan-an ni àṣìṣe yìí máa ń bá jù, ìyẹn ló sì burú nínú rẹ̀.

Mítà mẹ́wàá tí eku kò rìn

Eku kan wà ní àárín àpótí tí kò mira rárá. Ìmọ́lẹ̀ kì í dúró gbọnin, kámẹ́rà náà kì í rí píksẹ́lì kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà àárín gbùngbùn tí kọ̀ǹpútà ń kọ á máa gbọ̀n, ká ní píksẹ́lì kan péré láti fọ́tò kan sí èkejì. Píksẹ́lì kan jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án kan sẹ̀ǹtímítà. Kò tó nǹkan. Bí kámẹ́rà bá ń ya fọ́tò 30, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 30 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 300 fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó pé 1,000 sẹ̀ǹtímítà gééré. Mítà mẹ́wàá ni eku tó jókòó rìn.

Bí oògùn bá dín ìrìn eku kù, mítà mẹ́wàá yìí lè bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Èyí tún burú sí i bí ẹ bá ya ìdajì àwọn eku yín nígbà tí iná dára, tí ẹ sì ya ìdajì yòókù lábẹ́ jẹnẹrétọ̀, torí gbígbọ̀n náà kò ní dọ́gba. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ dín iye fọ́tò tí ẹ ń kà kù sí 10 tàbí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwíà fi àárín àwọn àmì tó sún mọ́ra dí gbígbọ̀n náà, kí ẹ sì sọ fún un pé ìṣípòpadà tó bá kéré ju ìwọ̀n kan lọ kì í ṣe ìrìn. Láti mọ ìwọ̀n tí ẹ máa lò, ẹ gbé ohun funfun kan tó tó eku, bọ́ọ̀lù òwú tàbí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ká, sí àárín àpótí, kí ẹ ya á fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìbọ̀sẹ̀ kì í rìn. Iye mítà tí sọ́fítíwíà bá sọ pé ó rìn, ìyẹn ni irọ́ tó ń pa lórí eku kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa yí ètò náà títí yóò fi sún mọ́ òdo.

Irú gbígbọ̀n kan náà wà lójú ìlà àárín. Eku tó dúró sórí ìlà, àárín gbùngbùn rẹ̀ á máa wọlé á máa jáde, kọ̀ǹpútà á sì ní ó ti wọ àárín nígbà ogún. Ẹ ní kó má ka ìwọlé kankan àyàfi bó bá ti wọnú sẹ̀ǹtímítà díẹ̀.

Ṣé òótọ́ ló ń sọ?

Ẹ wo àwòrán ọ̀nà tí eku rìn kí ẹ tó wo nọ́ńbà. Ìlà tó gùn gbọọrọ láti igun kan dé igun kejì láàárín fọ́tò méjì kì í ṣe eku. Òjìji tàbí imí ni kọ̀ǹpútà lọ bá níbẹ̀. Ẹ wá mú díẹ̀ nínú àwọn fídíò náà, kí ẹlòmíràn tí kò mọ èyí tó mu oògùn fi ojú kà á. BORIS, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Turin ní Ítálì, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí: ẹ óò máa tẹ lẹ́tà kan bí eku bá wọ àárín, ẹ óò tẹ òmíràn bó bá jáde, á sì ka àkókò fún yín. Bí ti ojú àti ti kọ̀ǹpútà bá yàtọ̀ púpọ̀, ẹ padà sórí Threshold. BORIS yìí kan náà lẹ máa lò fún ohun tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ìtọpasẹ̀ kò mọ̀, bí eku ṣe ń bọ́jú, bó ṣe ń la ara rẹ̀, bó ṣe ń dìde dúró.

Ẹ fi kóòdù sọ fídíò kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kì í ṣe orúkọ oògùn. Kí ẹ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ohun tí ẹ máa ṣe sí fídíò tí iná lọ láàárín rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹ jù ú nù. Òkùnkùn tó ṣàdédé bo eku mọ́lẹ̀ ti sọ àyẹ̀wò náà di òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ padà gbé eku kan náà sínú àpótí bí ẹni pé kò wọ ibẹ̀ rí.

Nínú ìwé tí ẹ bá kọ, ẹ dárúkọ sọ́fítíwíà àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, iye fọ́tò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye píksẹ́lì nínú sẹ̀ǹtímítà, Threshold, ìwọ̀n àárín, irú gílóòbù, àti ìyọ̀ǹda tí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlò ẹranko nínú ìwádìí fún yín. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, kí eku tó wọ àpótí ló yẹ kó ti wà lọ́wọ́ yín.

Ibi tí ẹ máa kó fídíò sí ló kù. Fídíò tó ń gba mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa jẹ́ bíi 375 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti ogójì eku jẹ́ bíi gígábáìtì 15, bí ẹ bá sì ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 45. Ẹ má fi dátà fóònù gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra hard disk méjì, kí ọ̀kan wà ní láàbù, kí èkejì wà nílé ọ̀gá yín. Fídíò gan-an lẹ máa tọ́jú, kì í ṣe tábìlì Excel nìkan, torí ẹni tó bá ṣiyè méjì nípa Threshold yín lọ́dún tó ń bọ̀ á fẹ́ fi tirẹ̀ ṣe é.